Ọ̀nà omi Suez: Kí ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe?

Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ ńlá kan bá tún há sí ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń béèrè lórí ayélujára: ṣé kò sí rédà níbẹ̀ ni? Àwọn kan á ní ọ̀gá ọkọ̀ ló sùn lọ. Àwọn mìíràn á ní àwọn ará Íjíbítì ò mọ iṣẹ́ wọn, ẹlòmíràn á sì ní kí wọ́n ṣáà ra ẹ̀rọ tuntun kí ọ̀rọ̀ ó tán. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rédà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń ka orúkọ, ìyára àti ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ tí Ever Given, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó dí ọ̀nà náà lọ́dún 2021, há, ó ṣojú wọn. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ dá lórí ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ṣe nígbà tó bá rí ewu, àti irú àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe é.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dún 2021?

Àárọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni. Ever Given ti Òkun Pupa wọlé, ó ń lọ sí Rotterdam. Ó gùn tó 400 mítà, ó fẹ̀ tó 59 mítà, kọ̀ntéénà tó lé ní 18,000 ló sì gbé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan lọ́jọ́ náà, iyanrìn aṣálẹ̀ sì bo ojú ọ̀run. Nígbà tó dé kìlómítà 151, bí a bá ń kà á láti Port Said ní ìparí àríwá ọ̀nà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, kó tó di pé iwájú rẹ̀ wọ inú bèbè ìlà-oòrùn, tí ìdí rẹ̀ sì kan bèbè ìwọ̀-oòrùn. Ó dábùú ọ̀nà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tó kàn, torí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti le. Ilé iṣẹ́ Shoei Kisen ní Jàpáánù ló ni ọkọ̀ náà. Evergreen ti Taiwan ló háyà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ará Jámánì kan, Bernhard Schulte, ló ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ àti ìtọ́jú rẹ̀. Àsíá Panama ló ń ta. Ọmọ Íńdíà ni gbogbo òṣìṣẹ́ 25 tó wà nínú rẹ̀, àwọn páílọ́ọ̀tì méjì láti Íjíbítì sì wà lókè pẹ̀lú ọ̀gá ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ọ̀nà fi dí. Ọkọ̀ agbẹ́yanrìn kan tó ń jẹ́ Mashhour wú nǹkan bíi 30,000 mítà oníhà-mẹ́ta iyanrìn àti ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ iwájú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńlá, èyí tí àwọn ará èbúté ń pè ní tọ́ọ̀gì, ń fà á tọ̀sán-tòru, àwọn méjì tó lágbára gan-an sì tún dé láti Họ́láǹdì àti Ítálì. Òṣùpá àrànmọ́jú bọ́ sí àsìkò náà, omi kún ju bó ṣe máa ń kún lọ, ọkọ̀ sì léfòó ní ọjọ́ 29. Ọkọ̀ tó lé ní 400 ló ti tò kalẹ̀ tó ń dúró nígbà yẹn. Ìṣirò ìwé ìròyìn Lloyd's List ni pé ọjà tó tó bílíọ̀nù 9 dọ́là ó lé ni kò lè kọjá lójoojúmọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọkọ̀ níbẹ̀?

Ọ̀nà omi yìí gùn tó kìlómítà 193, láti Port Said létí Òkun Mẹditaréníà títí dé ìlú Suez létí Òkun Pupa. Ọdún 1869 ni wọ́n ṣí i. Kò ní ìlẹ̀kùn omi tó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ bíi ti ọ̀nà omi Panama, torí pé omi òkun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn ibì kan wà tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ò lè gba ara wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ọkọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ kan láti àríwá, ọ̀wọ́ kan láti gúúsù, pẹ̀lú àlàfo tí wọ́n ti ṣírò sáàárín ọkọ̀ kan àti èkejì.

Ìlú Ismailia, láàárín méjì ọ̀nà náà, ni ibùdó ìdarí wà. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń fi irinṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ṣiṣẹ́. Èkíní ni rédà, tó ń ju ìgbì jáde tí ìgbì náà á sì kan ọkọ̀ padà wá. Kò nílò ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọkọ̀ kankan kó tó rí i. Èkejì ni AIS. Òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2004 pé kí gbogbo ọkọ̀ tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù, tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, ní ẹ̀rọ yìí. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń kéde pé èmi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, ìyára mi nìyí, ibi tí mo kọjú sí nìyí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra wọn. Ẹ̀kẹta ni rédíò VHF tí wọ́n fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

Gbogbo ètò yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní VTS. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ojú òkun, IMO, ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Ti ọdún 1997 ni wọ́n lò títí wọ́n fi gba tuntun wọlé ní 2021, lọ́dún kan náà tí Ever Given há.

Tí wọ́n bá ń rí i, kí ló dé tí wọn ò dá a dúró?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lóye, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ̀ tó tóbi tó Ever Given kò ní búréèkì. Bó bá wà lẹ́nu ìrìn lójú òkun, ó lè rin kìlómítà mélòó kan kó tó dúró tán. Ìtọ́kọ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀ kì í sì í mú àfi tí omi bá ń ṣàn lù ú dáadáa, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ṣe ń falẹ̀ tó ni agbára láti darí rẹ̀ ṣe ń dínkù tó. Tí afẹ́fẹ́ bá wá ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, tí ó sì ní gbogbo kọ̀ntéénà tí wọ́n tò léra láti fi gba ìtì náà, ẹni tó ń darí ọkọ̀ á fẹ́ fi kún ìyára kí ìtọ́kọ̀ lè mú.

Fífi kún ìyára yẹn ló ń bí wàhálà kejì. Omi tó wà láàárín ọkọ̀ àti bèbè kò fẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, omi á máa yára gba àlàfo tóóró yẹn, ìtì rẹ̀ lára ọkọ̀ á dínkù lápá ibẹ̀, ìdí ọkọ̀ á wá máa fà mọ́ bèbè nígbà tí iwájú rẹ̀ ń kọ bèbè náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ kékeré rí lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń fẹ́ fà sọ́dọ̀ tírélà láìjẹ́ pé èèyàn yí ọwọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ tó bá ń sáré lórí omi tí kò jìn máa ń lọ sílẹ̀ sí i nínú omi, tí àlàfo tó wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀ á sì kéré sí i. Nítorí náà, bí ó bá falẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e. Bí ó bá sáré, bèbè á fà á. Àkọsílẹ̀ AIS fi hàn pé ìyára Ever Given lé ní 13 nọ́ọ̀tì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó há, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 24 ní wákàtí kan, nígbà tí òdiwọ̀n tí àjọ tó ni ọ̀nà fi lélẹ̀ kò tó 9 nọ́ọ̀tì.

Ẹni tó jókòó sí Ismailia lè rí iye yẹn lójú ẹ̀rọ. Kò lè di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú láti ibẹ̀. Ìlànà IMO ti 1997 sọ ọ́ kedere pé tí ibùdó bá pàṣẹ fún ọkọ̀, àbájáde nìkan ni kó sọ, bíi kí ọkọ̀ dín ìyára kù tàbí kó má tíì wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe máa ṣe é di ọwọ́ ọ̀gá ọkọ̀ àti páílọ́ọ̀tì. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ́ ìpè, tó ń rí afẹ́fẹ́, tó sì mọ àléébù ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó wà nínú yàrá ìdarí kò mọ ìwọ̀nyí.

Èyí ló fi jẹ́ pé kí ọkọ̀ tó wọlé ni iṣẹ́ ìṣọ́ ti wúlò jù. Lẹ́yìn tó bá ti wọ ibi tóóró tán, àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ fi ewu hàn àti ìgbà tí ọkọ̀ kan bèbè lè má ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọlé, ibùdó lè wo afẹ́fẹ́, kó wo bí ọkọ̀ ṣe ga tó àti bí ó ṣe gùn tó, kó sì ní: dúró, tàbí wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀gì níwájú àti lẹ́yìn.

Ta ló ní àṣẹ nínú ọkọ̀: ọ̀gá ọkọ̀ ni àbí páílọ́ọ̀tì?

Páílọ́ọ̀tì ni ẹni tó mọ ọ̀nà omi kan dunjú, tó máa ń wọ inú ọkọ̀ àlejò láti tọ́ ọ sọ́nà. Ní Suez, dandan ni kí ọkọ̀ ńlá gbà á. Síbẹ̀, òfin ọ̀nà náà sọ pé ìmọ̀ràn ni páílọ́ọ̀tì ń gbà wọ́n. Ọ̀gá ọkọ̀ ló ni gbogbo ẹrù ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe ní Panama. Níbẹ̀, páílọ́ọ̀tì ló ń gba ìdarí ìrìn ọkọ̀ pátápátá tó bá ti wọlé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kárí ayé pé ó yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló di ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ Ismailia. Àjọ Ọ̀nà Omi Suez, tí Osama Rabie jẹ́ alága rẹ̀, kọ́kọ́ béèrè mílíọ̀nù 916 dọ́là, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ di mílíọ̀nù 550. Wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi ohunkóhun, pé afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló fà á, pé àṣìṣe èèyàn tàbí ti ẹ̀rọ lè wà nínú rẹ̀, àti pé ọ̀gá ọkọ̀ ni òfin dá lẹ́bi. Àwọn agbẹjọ́rò ẹni tó ni ọkọ̀ dá wọn lóhùn pé àjọ náà ló jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé nínú irú ojú ọjọ́ yẹn, láìfún un ní tọ́ọ̀gì tó tó. Wọ́n gbé ohùn tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ gbà sílẹ̀ wá sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní ó fi hàn pé àwọn páílọ́ọ̀tì àti ibùdó ìdarí kò fẹnu kò lórí bóyá kí ọkọ̀ náà wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe kókó jù nínú gbogbo ẹjọ́ náà lójú mi, ju iye owó lọ. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwọn èèyàn rí ewu, wọ́n sọ ọ́ jáde, kò sì sí ìlànà tó fi ẹnì kan sípò tó máa sọ pé rárá.

Wọn ò gbọ́ ìdájọ́ parí. Àwọn méjèèjì yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, wọn ò sọ iye owó, ọkọ̀ sì kúrò ní Adágún Kíkorò Ńlá, adágún tó wà lójú ọ̀nà omi náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 2021, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó fi wà ní àtìmọ́lé. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní Íńdíà ń pariwo pé kò dáa kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ dógò nítorí àríyànjiyàn owó láàárín àwọn ọ̀gá wọn.

Ṣé èèyàn lè tan ẹ̀rọ ìṣọ́ jẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, AIS pàápàá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé jáde. Ọkọ̀ lè pa á, ó lè fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì gbára lé GPS tí àwọn ológun lè dí lọ́nà. Láti ìgbà tí ogun Gásà ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ti ń ròyìn pé GPS ń ṣe ségesège ní ìhà ìlà-oòrùn Mẹditaréníà àti lórí Òkun Pupa, tí ẹ̀rọ á máa fi ọkọ̀ sí àárín ìlú tàbí pápákọ̀ òfuurufú. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ọkọ̀ kọ̀ntéénà MSC Antonia gun ilẹ̀ lẹ́bàá Jeddah, àwọn onímọ̀ tó yẹ ipa ọ̀nà rẹ̀ wò lójú AIS sì rí àmì pé wọ́n ti da GPS rẹ̀ rú. Etí Òkun Pupa, tí ọkọ̀ ń gbà dé Suez láti gúúsù, ni Jeddah wà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò fi gbà pé kí AIS rọ́pò rédà àti ojú èèyàn. Ibùdó tó dáa máa ń fi ohun tí ọkọ̀ sọ wé ohun tí rédà rí, tí méjèèjì kò bá sì bára mu, ó yẹ kí ẹnì kan pe ọkọ̀ lórí rédíò lójú ẹsẹ̀.

Kí ni wọ́n ti yí padà?

Ìyípadà tó hàn jù ni ti ilẹ̀. Lọ́dún 2015, Ààrẹ Sisi ṣí ọ̀nà kejì tó gùn tó kìlómítà 35 ní apá àríwá, ṣùgbọ́n apá gúúsù, níbi tí Ever Given há sí, ṣì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n pinnu láti fẹ apá gúúsù yìí ní 40 mítà sí ìhà ìlà-oòrùn fún nǹkan bíi kìlómítà 30, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn láti ẹsẹ̀ bàtà 66 sí 72, kí wọ́n sì fi kìlómítà 10 kún ibi tí ọ̀nà ti jẹ́ méjì. Ìparí 2024 ni wọ́n dán ọ̀nà kejì tuntun yẹn wò. Wọ́n tún ra àwọn tọ́ọ̀gì tó lágbára sí i, wọ́n sì ń kọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ gidi ní Ismailia.

Ìjàǹbá kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, ọkọ̀ Glory tó kó ọkà láti Ukraine há, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn burú jù: tọ́ọ̀gì Fahd kọlu ọkọ̀ gáàsì kan, ó rì, òṣìṣẹ́ kan sì kú, láàárín oṣù náà ni ọkọ̀ BW Lesmes àti Burri tún forí gbárí. Kò sí èyí tó dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìgbaradì ti dára sí i, nítorí tọ́ọ̀gì ń tètè dé. Àwọn mìíràn ní dídé kíákíá lẹ́yìn ìjàǹbá yàtọ̀ sí kí ìjàǹbá má ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń ka ìròyìn.

Kí ni ọ̀rọ̀ owó ń ṣe níbẹ̀?

Ọ̀nà omi yìí wà lára ibi tí Íjíbítì ti ń rí dọ́là jù. Nígbà tí Ever Given dí ọ̀nà, Rabie ní àwọn ń pàdánù mílíọ̀nù 14 sí 15 dọ́là lójúmọ́. Lọ́dún 2023, owó tó wọlé lé ní bílíọ̀nù 10. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Houthi ní Yẹ́mẹ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ lórí Òkun Pupa láti oṣù Kọkànlá 2023. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yí ọkọ̀ wọn gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ọkọ̀ tó gba Suez já láti 26,000 ó lé lọ́dún 2023 sí nǹkan bíi 13,000 lọ́dún 2024, owó náà sì wá sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.

Àjọ tó ń wá oníbàárà padà ní ìdí láti fi hàn pé ọ̀nà òun dájú. Ó tún ní ìdí láti má fi owó kún owó, láti má sì dá ọkọ̀ dúró láìnídìí. Tọ́ọ̀gì àti ìdádúró nítorí afẹ́fẹ́ ń ná ẹni tó ni ọkọ̀ lówó, ọkọ̀ tó bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lè pàdánù ipò rẹ̀ nínú ọ̀wọ́, kó di ọjọ́ kejì kó tó wọlé.

Ṣé ó kan Èkó àti Kútọnú?

Kò kàn wá ní tààrà tó bí àwọn kan ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ọjà láti Ṣáínà bọ̀ ní Àpápá, Lẹ́kí tàbí Kútọnú kì í gba Suez. Ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n máa ń gbà, torí pé ibẹ̀ ló yá fún wọn. Àmọ́, àwọn ẹrù mìíràn máa ń kọ́kọ́ dé èbúté bíi Tangier ní Mòrókò tàbí Algeciras ní Sípéènì kí wọ́n tó gbé wọn sínú ọkọ̀ mìíràn wá sọ́dọ̀ wa, ìwọ̀nyí sì lè gba Suez. Ohun tó kan gbogbo wa ni pé nígbà tí ìrìn àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Yúróòpù bá fi bí ọjọ́ mẹ́wàá gùn sí i, ọkọ̀ àti kọ̀ntéénà òfìfo á wọ́n káàkiri ayé, owó ìkẹ́rù á sì gòkè. Oníṣòwò tó ń kó ọjà wọlé ní Aláàbà ń rí i nínú ìwé owó tí aṣojú rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i, bí ọkọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ìtòsí Íjíbítì.

Kí ló kù tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí?

Ohun mẹ́ta ló ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́: ṣé kí iye kan wà tí ọkọ̀ tó ga tó báyìí kò gbọ́dọ̀ wọlé tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá rẹ̀, láìka ohun tí ẹnikẹ́ni bá rò sí, àbí kí ó wà lọ́wọ́ ìdájọ́ páílọ́ọ̀tì àti ibùdó lọ́jọ́ náà? Àwọn tó fẹ́ iye pàtó ní ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìfúngun owó. Àwọn tó fẹ́ ìdájọ́ ní ọkọ̀ méjì tó gùn bákan náà lè yàtọ̀ síra nínú bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìpè, àti pé iye kan ṣoṣo á dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó lè kọjá láyọ̀ dúró.

Èkejì ni èdè. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè jẹ́ ará Íńdíà, Filipíìnì tàbí Ukraine. Páílọ́ọ̀tì méjì tó ń fi èdè Lárúbáwá bá ara wọn àti ibùdó sọ̀rọ̀ lè yanjú ọ̀rọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ tí òfin di gbogbo ẹ̀bi lé lórí kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti ọdún 2001 ni IMO ti ní àkójọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ìlò ojú òkun, kí gbogbo ẹni tó wà níbi ìdarí lè gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ̀kẹta ni tọ́ọ̀gì: irú ọkọ̀ wo ló yẹ kó jẹ́ dandan fún, ìgbà wo, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀gá ọkọ̀ ni òfin Suez ṣì di ẹ̀bi lé lórí, yálà ó gba ìmọ̀ràn páílọ́ọ̀tì tàbí kò gbà á.